Vinca rosea kọ́ mọ́, Catharanthus roseus ni: ẹ jẹ́ ká tún orúkọ òdòdó yìí ṣe

Aṣọ́gbà_Pẹ̀lẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ orúkọ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yanjú ká tó tẹ̀ síwájú nínú àkójọ òdòdó tí a jọ ń ṣe. Òdòdó yẹn tó ní pẹ́tálì márùn-ún, tó máa ń jẹ́ píǹkì tàbí funfun, tí ojú àárín ẹ̀ sábà máa ń pupa jù, tí ewé ẹ̀ ń dán tí ìlà kan tó funfun díẹ̀ sì gba àárín ewé kọjá, "Vinca rosea" ló wà lábẹ́ gbogbo fótò ẹ̀. Orúkọ yẹn kọ́ làwọn onímọ̀ ewéko ń lò fún un mọ́. Catharanthus roseus ni, wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ o, láti 1837 ló ti wà. Mo yẹ Plants of the World Online wò, ìyẹn àkójọ orúkọ ewéko lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó wà níbẹ̀ ni Catharanthus roseus (L.) G.Don, wọ́n wá to Vinca rosea sísàlẹ̀ láàárín àwọn sínónímù, ìyẹn àwọn orúkọ tí wọ́n ti fi pe òdòdó kan náà rí.

Mi ò fẹ́ kí n kàn lọ pa á rẹ́ kí n kọ òmíràn lé e. Mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ ìdí ẹ̀, ká sì fẹnu kò lórí bí a ṣe máa kọ ọ́. Ẹni tó bá ní nǹkan sọ kó sọ ọ́ jọ̀ọ́.

Ìyá_Olódòdó

Aṣọ́gbà ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ èmi ò tíì gbà o. Gbogbo páálí irúgbìn tí mo ti rí, Vinca ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nígbà náà Vinca rosea ló wà níbẹ̀, àní àwọn oníṣègùn pàápàá ń sọ vinca. Kí ló dé tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ò fi lè fi orúkọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́? Tí a bá yí i padà lónìí tí wọ́n tún yí i lọ́la ńkọ́, ṣé a ó máa sáré tẹ̀ lé wọn káàkiri ni? Orúkọ tí gbogbo ayé mọ nǹkan sí, èmi rò pé òun ló yẹ kó dúró.

Ọmọ_Bótánì

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìbéèrè yín tó gbéèyàn dúró lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀.

Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Vinca rosea nínú ìwé tó gbé jáde ní 1759. Ó ti mọ Vinca ilẹ̀ Yúróòpù dáadáa nígbà yẹn, ó wá rí èyí tó ti Madagásíkà wá tí òdòdó ẹ̀ jọ tọ̀hún, ó bá kó wọn sójú kan. Tó bá jẹ́ òdòdó nìkan lèèyàn wò, kò sẹ́ni tí ò ní kó wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo ara ẹ̀ mà. Vinca gidi, ìyẹn Vinca major àti Vinca minor, ilẹ̀ ni wọ́n ń fà, ẹ̀ka wọn á gùn gbọọrọ, ibi tó bá ti kan ilẹ̀ á ta gbòǹgbò, òdòdó wọn sábà máa ń jẹ́ búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń yọ láàárín ewé àti ẹ̀ka. Èyí tí à ń sọ yìí òró ló ń dúró, òdòdó ẹ̀ sábà máa ń yọ ní méjì méjì, àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, ibi tó ti ṣẹ̀ wá gan-an yàtọ̀. Vinca ń hù fúnra ẹ̀ ní Yúróòpù àti àwọn ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Catharanthus ò tó species mẹ́wàá lápapọ̀ (species ni irú ewéko kọ̀ọ̀kan), Madagásíkà sì ni gbogbo wọn ti wá àfi ọ̀kan péré, Catharanthus pusillus, tó jẹ́ ti Íńdíà àti Sri Lanka.

George Don, onímọ̀ ewéko ará Scotland, ló wá yà á sọ́tọ̀ sínú Catharanthus ní 1837. Ẹbí ńlá tí wọ́n jọ wà ò yí padà o, Apocynaceae làwọn méjèèjì. Ìpele genus, ìyẹn ìdílé kékeré tó kó àwọn species tó jọra sójú kan, ni wọ́n ti pínyà.

Lórí pé wọ́n tún lè yí i lọ́la mà, kì í ṣe bó ṣe wu ẹnìkan ni wọ́n ń ṣe é. Òfin àgbáyé kan wà tó ń darí orúkọ ewéko, ìpàdé gbogbo àwọn onímọ̀ ewéko láyé ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ti 2017 wáyé ní Shenzhen ní Ṣáínà, èyí tó tẹ̀ lé e wáyé ní Madrid ní 2024. Ìpìlẹ̀ òfin náà ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde lọ́nà tó tọ́ ló ni ipò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1753, ọjọ́ tí wọ́n kà sí ọjọ́ tí ìwé Linnaeus tó ń jẹ́ Species Plantarum jáde.

Oníbéèrè_Kan

Ẹ jọ̀ọ́ kí ni L. tó wà nínú àkámọ́ yẹn àti G.Don tó tẹ̀ lé e? Mo máa ń rí i lẹ́yìn orúkọ ewéko, mi ò sì mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, mo máa ń fò ó ni.

Aṣọ́gbà_Pẹ̀lẹ́

Má fò ó mọ́ o, ibẹ̀ ni ìtàn orúkọ náà wà. L. ni Linnaeus, òun nìkan ni wọ́n fún ní lẹ́tà kan ṣoṣo. G.Don ni George Don. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ewéko náà lórúkọ ló máa ń wọnú àkámọ́, ẹni tó wá gbé e lọ sínú genus mìíràn ló máa ń dúró síta. Tó o bá ti rí (L.) G.Don, o ti mọ̀ pé Linnaeus ló fún un ní rosea, kò fi í sínú Catharanthus, Don ló gbé e débẹ̀. Bí ẹni tó kó kúrò nílé kan lọ sílé òmíràn ló ṣe rí, ó gbé orúkọ ara ẹ̀ dání, adírẹ́sì ló yí padà. Tí o bá wá rí orúkọ tí kò ní àkámọ́ rárá, bíi Vinca minor L., a jẹ́ pé kò tíì kó kúrò níbi tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí nìyẹn.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ká máa kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ pẹ̀lú. Orúkọ kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì láti ọwọ́ ẹni méjì fún ewéko méjì tó yàtọ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ dáadáa, àwọn lẹ́tà kékeré yẹn ló sì máa fi hàn wá èyí tí à ń sọ.

Apòògùn_Jẹ́jẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níhìn-ín torí ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ mi. Ìyá wa sọ pé àwọn oníṣègùn ń sọ vinca, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ibi tó ti wá. Òògùn méjì ló wà, vinblastine àti vincristine, wọ́n ń lò wọ́n fún jẹjẹrẹ, pàápàá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti irú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Hodgkin. Inú òdòdó yìí ni wọ́n ti rí wọn. Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà ń wá ohun tó lè ṣiṣẹ́ lórí àtọ̀gbẹ nínú ewé ẹ̀ ni, wọ́n wá rí i pé omi ewé náà ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. 1958 ni wọ́n kọ ọ́ jáde, Vinca rosea ló sì wà nínú àkọlé iṣẹ́ wọn torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é nígbà náà. Bí "vin" ṣe wọnú orúkọ òògùn nìyẹn, orúkọ òògùn ò sì ní yí padà mọ́ torí pé orúkọ ewé yí padà.

Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn níbẹ̀ rèé. Ẹni tó bá gbọ́ pé vinca ni wọ́n fi ń ṣe òògùn jẹjẹrẹ, tó wá lọ wo Vinca minor tó wà lọ́gbà ẹ̀, ewé mìíràn pátápátá ló ń wò. Nǹkan tí Vinca minor ní ni vincamine, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀, kò sí vincristine nínú ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sì ní májèlé nínú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí mo kọ yìí lọ se ewé kankan mu. Iye vincristine tó wà nínú ewé kéré jọjọ, ewé tó pọ̀ bí òkè ni wọ́n máa ń lọ̀ kí wọ́n tó rí díẹ̀ fà jáde, wọ́n á tún yọ ọ́ kúrò lára ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tó lè pani lára.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ Aṣọ́gbà pé ká kọ orúkọ tó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá fi Catharanthus nìkan wá iṣẹ́ àwọn ọdún 1950 kò ní rí èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fi Vinca rosea nìkan wá kò ní rí tòde òní. Orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà papọ̀, kí èyí tó tọ́ ṣáájú.

Ìyá_Olódòdó

Apòògùn, èyí tẹ́ ẹ sọ yìí wọ̀ mí létí gan-an. Mi ò mọ̀ pé vinca tí wọ́n ń sọ nílé ìwòsàn kì í ṣe vinca tòótọ́. Ó dáa, mo gbà pé ká tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn èyí fún mi: èyí tó wà lọ́dọ̀ mi funfun báláú ni, kò ní píǹkì kankan lára. Ṣé roseus náà la ó máa pè é? Ìyẹn ò wá jọ irọ́?

Ọmọ_Bótánì

Roseus náà ni mà. Species kan náà ni, àwọ̀ ló yàtọ̀, Don fúnra ẹ̀ ti rí èyí tó funfun, ó sì pè é ní var. albus, ẹ̀yà kan lábẹ́ roseus. Orúkọ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe àpèjúwe tó gbọ́dọ̀ bá gbogbo ewéko náà mu, àmì ìdánimọ̀ ni. Òfin sọ ọ́ gbangba pé a ò lè ju orúkọ tó jáde lọ́nà tó tọ́ nù torí pé ìtumọ̀ ẹ̀ ò bá nǹkan náà mu. Ẹ wo Hibiscus syriacus, Linnaeus rò pé Síríà ló ti wá, ìhà Ṣáínà ló ti wá ní tòdodo, orúkọ náà ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Scilla peruviana, kò sí nǹkan tó pa á pọ̀ mọ́ Peru, etí òkun Mẹditaréníà níhà ìwọ̀-oòrùn ló ti ń hù. Asclepias syriaca, Amẹ́ríkà ti àríwá ló ti wá. Tí a bá ní ká máa tún gbogbo èyí tí ìtumọ̀ ẹ̀ ò bá a mu ṣe, kò sí ìwé kankan tí a máa lè kà mọ́, torí orúkọ á máa sá fún wa lójoojúmọ́ ni.

Olùkà_Ọ̀gànjọ́

Ọmọ_Bótánì, mo bọ̀wọ̀ fún àlàyé ẹ, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Ní Madrid ní 2024 tí ìwọ fúnra ẹ dárúkọ lókè yẹn, wọ́n dìbò lórí orúkọ tó ní "caffra" nínú. Ọ̀rọ̀ yẹn wá látinú ọ̀rọ̀ èébú tó burú jáì tí wọ́n fi ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Áfíríkà. Gideon Smith àti Estrela Figueiredo láti Yunifásítì Nelson Mandela ló gbé àbá náà wá, ibo 351 ló gbè é, 205 ló kọ̀ ọ́. Orúkọ tó lé ní 200 ló kàn, ewéko, olu àti ewéko inú omi. Erythrina caffra, igi tó máa ń yọ òdòdó pupa rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ yẹn, ti di Erythrina affra, ó wá ń tọ́ka sí Áfíríkà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n yọ. Wọ́n sì tún fẹnu kò pé láti 2026 lọ, orúkọ tuntun tó bá jẹ́ ìwọ̀sí sí àwùjọ kan, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Torí náà ìtumọ̀ orúkọ ń já mọ́ nǹkan, inú mi sì dùn gidi pé ó já mọ́ nǹkan.

Ọmọ_Bótánì

Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí ìyẹn wà nínú àlàyé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ tí kò bá nǹkan mu, bíi syriacus, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó kàn ṣi ọ̀nà ni. Ti caffra jẹ́ èébú, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti ń fi sínú ìwé ẹ̀kọ́ fáwọn ọmọ tí wọ́n ń fi bú. Kò sì sẹ́ni tó lè dá a yí padà nílé ara ẹ̀, ìpàdé àgbáyé ló dìbò kó tó ṣeé ṣe. Èmi náà fara mọ́ ọn pátápátá.

Ayàwòrán_Igbó

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀ látòkè. Mo rí ibìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ "Catharanthus rosea", ibòmíràn "Cantharanthus roseus". Èwo ló tọ́ nínú wọn ká tó wá lọ fi àṣìṣe kan rọ́pò òmíràn?

Aṣọ́gbà_Pẹ̀lẹ́

Kò sí èyí tó tọ́ nínú méjèèjì. Kò sí n láàárín Ca àti tha, Catharanthus ni. Rosea wá rèé: ní èdè Látìnì, orúkọ kejì gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba ní akọ tàbí abo nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Vinca jẹ́ abo, torí ẹ̀ ni Linnaeus fi kọ rosea. Orúkọ tó bá parí sí -anthus, òfin ewéko ní akọ ni ká kà á sí, bó ṣe di roseus nìyẹn nígbà tó kó débẹ̀. Tí ẹnìkan bá rí ìparí tó ṣì nínú ìwé, ó lè tún un ṣe láìyí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ọdún tó jáde padà.

Kí a sì rántí o, lẹ́tà ńlá fún ti àkọ́kọ́, kékeré fún ti kejì, kí àwọn méjèèjì dagun díẹ̀ nínú ìtẹ̀wé. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń kọ "Catharanthus Roseus", ó máa ń dun ojú mi.

Olùkà_Ọ̀gànjọ́

Ohun kan tó ṣì rú mi lójú. Mo rí Lochnera rosea nínú àwọn ìwé kan, kì í ṣe Vinca, kì í ṣe Catharanthus. Ibo nìyẹn ti wá? Àti rosemary náà, ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ, Rosmarinus officinalis tó di Salvia rosmarinus, kí ló dé tí kò gbé officinalis dání bí tiwa ṣe gbé roseus dání?

Ọmọ_Bótánì

Lochnera, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Reichenbach ló dárúkọ ẹ̀, àmọ́ ó di 1838 kó tó jáde nínú ìwé onímọ̀ ewéko mìíràn, Endlicher. Don ti gbé Catharanthus jáde lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń lo Lochnera fún ọ̀pọ̀ ọdún síbẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ Vinca, orúkọ mẹ́ta lórí ewé kan lásìkò tí gbogbo ilé iṣẹ́ ìwádìí ń du òògùn inú ẹ̀. William Stearn, onímọ̀ ewéko, ló wá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ ní 1966 nínú jọ́nà tí wọ́n ń pè ní Lloydia, ó fi hàn pé Catharanthus roseus ló tọ́. Àtìgbà náà làwọn ìwé ìṣègùn ti ń yí sí i díẹ̀díẹ̀.

Ti rosemary, nígbà tí wọ́n gbé e wọ Salvia, Salvia officinalis ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ewé sage. Species méjì ò lè jẹ́ orúkọ kan náà nínú genus kan, ó bá di dandan kó lo orúkọ mìíràn. Onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Spenner sì ti pè é ní Salvia rosmarinus láti 1835, wọ́n kàn lọ mú un jáde ni. Ní tiwa, kò sí roseus mìíràn nínú Catharanthus, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Aṣọ́gbà_Pẹ̀lẹ́

Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ ká kọ sábẹ́ fótò ni: Catharanthus roseus (L.) G.Don, ẹbí Apocynaceae. Orúkọ àtijọ́: Vinca rosea L., Lochnera rosea. Ó ti Madagásíkà wá. Gbogbo apá ara ẹ̀ ló ní májèlé. Tí kò bá sí àtakò, mo máa lọ sí gbogbo ibi tí "Vinca" wà nínú àkójọ wa, kí n pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ayàwòrán_Igbó

Ẹ dúró ná, ẹ má pààrọ̀ gbogbo ẹ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tún àwọn fótò náà wò ni. Méjì wà níbẹ̀ tó jẹ́ Vinca gidi, wọ́n kàn kọ Vinca rosea sí i bíi tàwọn yòókù. Ẹ wo èyí tí òdòdó ẹ̀ búlúù, tí ẹ̀ka ẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi, ewé ẹ̀ fẹ̀, tí ẹ bá sún fótò náà mọ́ra ẹ máa rí irun wínníwínní létí ewé. Vinca major nìyẹn. Èkejì, ewé ẹ̀ kéré, létí ẹ̀ kò ní irun, Vinca minor ló jọ lójú mi. Tí ẹ bá kọ Catharanthus sí àwọn wọ̀nyí, ewéko gan-an lẹ ti ṣì mú nìyẹn, èyí sì burú ju orúkọ àtijọ́ lọ. Ẹni tó kọ Vinca rosea sábẹ́ òdòdó Madagásíkà, a ṣì mọ ohun tó ń sọ.

Apòògùn_Jẹ́jẹ́

Ayàwòrán ẹ ṣeun gan-an, irú èyí gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Fótò ni kí a máa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á má fi kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ kan kí á sì pààrọ̀ ẹ̀ lódindi.

Ìyá_Olódòdó

Èmi náà lọ wò ó. Ẹ̀ka ẹ̀ ti ta gbòǹgbò níbi mélòó kan, ó hàn kedere nínú fótò búlúù yẹn. Ọmọ_Bótánì, ohun tó o sọ lókè ni mo fi dá a mọ̀, o ṣeun ọmọ mi.

Aṣọ́gbà_Pẹ̀lẹ́

Mo ti rí i. Èyí tí irun wà létí ewé ẹ̀ á jẹ́ Vinca major L. Èyí tí ewé ẹ̀ kéré, a ó kọ Vinca sp. sí i ná, ìyẹn Vinca tí a ò tíì dá species ẹ̀ mọ̀, títí Ayàwòrán á fi rí fótò tó sún mọ́ etí ewé àti sépálì ẹ̀ (àwọn ewé kékeré tó wà nísàlẹ̀ òdòdó) dáadáa. Àwọn yòókù mo ti ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó dúró ṣánṣán tí òdòdó wọn jẹ́ píǹkì àti funfun ti di Catharanthus roseus (L.) G.Don báyìí, Vinca rosea L. sì wà lábẹ́ ẹ̀ kí ẹni tó bá fi orúkọ àtijọ́ wá a lè rí i. Ẹni tó bá ní fótò èso tàbí irúgbìn ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, kò sí ìkankan nínú àkójọ wa.